Ẹbí Eyín Tuntun

Kàràkà, gbàm!

Ẹni tó bá gbé Olówógbowó láyé ìjọ́un mọ ìró yẹn dáadáa. Ìdábùú irin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Pa Jeremiah ló ń dún bẹ́ẹ̀. Pa Jeremiah ló ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà, fún Sàró, fún Àgùdà, fún Mùsùlùmí. Bí oníbàárà bá ti wọlé, kó tó la ẹnu rárá, Pa á dìde, á ti irin náà wọnú ihò rẹ̀. Kàràkà, gbàm! Àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù lóde á dákẹ́, wọ́n á máa wojú ara wọn. Eyín ta ni wọ́n fẹ́ yọ nínú ilé yẹn?

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyàwó Pa fúnra rẹ̀, tó ń se ọbẹ̀ fún un látọdúnmọ́dún, kò mọ̀. Olóyè ńlá kan kú, gbogbo ìlú ń yìn ín níbi ìsìnkú pé eyín tó fi wáyé ló bá a dé sàréè. Pa Jeremiah jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹran, kò wí nǹkan kan.

Pa kú. Ṣọ́ọ̀bù dọwọ́ ọmọ rẹ̀, Ignatius. Ignatius ní ayé ti yí padà. Ó yọ ilẹ̀kùn pákó, ó fi ti gíláàsì síbẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ sára ògiri. Ìdábùú irin ṣubú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà níbẹ̀ tó ń dípẹtà. Àwọn ará àdúgbò ń pe Ignatius ní Dókítà. Kì í ṣe dókítà, òun náà a sì máa sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í sọ ọ́ sókè.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò kan ní Ìdúmàgbò. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dìde, ó ní oníṣòwò tí kò bá kó àwọn kọ́sítọ́mà rẹ̀ jọ sórí Wásáàpù, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Jìnnìjìnnì mú Ignatius. Lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀, ó wọ awòjú, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó sì ṣa gbogbo àwọn tó ti ṣe eyín fún jọ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ó sọ ẹgbẹ́ náà ní ẸBÍ EYÍN TUNTUN. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí wọn:

"Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo yín tí Ọlọ́run fi ọwọ́ mi fún léyín, mo kí yín o. Ẹ má fi omi gbígbóná fọ eyín yín, kó má baà wọ́. Bí ẹ bá bọ́ ọ lálẹ́, omi tútù ni kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sí."

Ó fi àwòrán eyín kan tó ń dán gbinrin tì í. Inú rẹ̀ dùn. Ó lọ po tíì.

Kó tó mu tíì náà tán, fóònù ti ń gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹni ibà ń ṣe.

"Ta nìyí?" ẹnìkan kọ.

"Ta ló fi mí síbí?" ẹlòmíràn kọ. Ó jáde. Ẹni méjì tún tẹ̀ lé e.

Ìgbà náà ni Mama Theodora dá sí i nínú ẹgbẹ́. Olórí àwọn akọrin obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Mama Theodora, ohùn rẹ̀ kì í sì í gbé inú ilé.

"Háà! Ṣé ojú mi ni? Alhaja Hàwáwù onípákò kọ́ nìyí?"

Òun ni lóòótọ́. Alhaja Hàwáwù ló ń ta pákò ní Jankara: àtà, ayán, pákò Ìjẹ̀bú, kò sí èyí tó wọ́n ọn. Pátákó ìpolówó rẹ̀ kò ju ẹnu rẹ̀ lọ. Á rẹ́rìn-ín fún oníbàárà, á ní, "Ẹ wo eyín ìyá àgbà! Mo ṣì ń fọ́ eegun. Kí ni mo lò? Pákò ni!" Àwòrán tó fi sórí Wásáàpù rẹ̀ náà nìyẹn: ó fi pákò sẹ́nu, eyín òkè ń tàn yanranyanran. Gbogbo eyín òkè yẹn pátá, Ignatius ló ṣe é.

"Mama Theodora, ẹ káàsán," Alhaja dá a lóhùn nínú ẹgbẹ́. "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Eyín ọkọ mi ni mo wá bá a ṣe."

"Ọkọ yín tó ti kú kí wọ́n tó dá Wásáàpù sílẹ̀?"

Ẹ̀rù ba Ignatius, ó sáré fẹ́ pa ẹgbẹ́ náà rẹ́. Ó ṣèèṣì tẹ ibi tí kò yẹ, ó sì sọ Mama Theodora di ọ̀gá ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀. Ìyá náà ò fi àkókò ṣòfò. Ó yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí PÁKÒ ÀBÍ RỌ́BÀ? Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà, ó gbé ìròyìn lọ sọ́jà.

Lọ́jọ́ kejì, Ignatius rí Alhaja Hàwáwù lókèèrè tó ń bọ̀, ìborùn bo ẹnu rẹ̀, Taslimah ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ lọ́yà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ignatius bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì. Wàhálà ilẹ̀kùn gíláàsì nìyẹn: bí o ṣe ń rí ẹni tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń rí ọ.

"Ignatius! Dìde lábẹ́ tábìlì."

"Alhaja, eyín kan ló bọ́ tí mò ń wá."

"Tèmi ni, àbí ti ọkọ Theodora?"

Ó dìde. Taslimah kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ káàsán, Ọ́ńkù."

"Má kí i!" Alhaja jókòó, ó sọ ìborùn kalẹ̀. "Láàárọ̀ yìí, obìnrin kan dá ìdì pákò padà fún mi lójú gbogbo ọjà. Ó ní kí n gba pákò mi, kí n kúkú fún òun ní àdírẹ́sì rẹ. Ignatius, àtẹ tí ìyá mi jókòó sí kó tó kú, àtẹ tí mo fi rán ọmọ yìí níwèé, mo palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí oòrùn tó mú. Mo bo ẹnu lọ sílé bí ẹni jalè. Mi ò mọ bí n ó ṣe padà síbẹ̀ mọ́."

Ignatius tẹrí ba. "Alhaja, mi ò sọ̀rọ̀ yín láìdáa. Mo kàn kí yín ni."

"Ọ́ńkù," Taslimah ní, "ta lẹ bi kẹ́ ẹ tó kó wọn jọ?"

"Àwọn fúnra wọn ló fún mi ní nọ́ńbà wọn."

"Kẹ́ ẹ fi ṣe kí ni?"

"Kí n lè pè wọ́n bí eyín bá ti ṣe tán."

"Ṣé ẹ pè wọ́n?"

"Mo pè wọ́n."

"Ó parí nìyẹn. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún yín ní nọ́ńbà ti tán. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ṣe nǹkan mìíràn, àfi kẹ́ ẹ tún béèrè."

Ignatius na ẹ̀yìn díẹ̀. "Ṣùgbọ́n Taslimah, ká má purọ́, ìyá rẹ ń tan gbogbo Jankara jẹ. Ó ní pákò ló..."

"Ìwọ ọmọ Jeremiah!"

"Ẹ fi sílẹ̀, Mọ́mì. Èmi àti ẹ̀yin á sọ ìyẹn nílé." Alhaja gbójú sókè, ó ń wo ẹ̀rọ amúlétutù bí ẹni fẹ́ rà á. "Ṣùgbọ́n Ọ́ńkù, irọ́ tó wà lẹ́nu wọn ò sọ ẹnu wọn di tiyín."

Ignatius fa àga, ó jókòó.

"Òfin ti yí padà," Taslimah ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Lọ́dún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ṣòfin tó ń dáàbò bo ohun tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, àwòrán rẹ̀, ibi tó ń gbé. Ti ọ̀rọ̀ ìlera tiẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Eyín tí kò sí lẹ́nu èèyàn, ọ̀rọ̀ ìlera ni. Àjọ tó ń rí sí i wà. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ lè fẹjọ́ sùn níbẹ̀, oníṣòwò sì lè san ìtanràn."

"Ṣebí àwọn báńkì ni wọ́n ṣe ìyẹn fún?"

"Báńkì wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Òfin ò bi yín bóyá ṣọ́ọ̀bù yín ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

Òógùn bo Ignatius nínú òtútù. "Kí ni kí n ṣe báyìí?"

"Ká kọ́kọ́ tú ẹgbẹ́ yẹn ká. Ṣé kí n fọwọ́ kan fóònù yín?"

"Kí lo ń bi mí sí? Gbà."

"Ẹ ò rí i? Bí wọ́n ṣe ń béèrè nìyẹn, kò gùn, kò sì pani."

Ó gba agbára lọ́wọ́ Mama Theodora, ó yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan títí ẹgbẹ́ fi tú. "Ohun tí wọ́n ti rí, mi ò lè yọ ọ́ lójú wọn o. Ó ku àjọ yẹn. Bí irú àṣírí báyìí bá tú, tó sì lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, wákàtí méjìléláàádọ́rin lòfin fún yín láti sọ fún wọn. A ó kọ ọ́ lónìí. Lẹ́yìn náà, ẹ ó kọ̀wé sí olúkúlùkù àwọn tí ẹ kó jọ."

"Ó dáa. N ó tún dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kí n lè bẹ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà..."

"Ọ́ńkù!"

"Ignatius!"

Ìyá àtọmọ ló pariwo pa pọ̀.

Ìwé ti àjọ lọ lọ́jọ́ náà. Èyí tó kù ni kò fẹ́ jáde. Ignatius kọ ti àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bí Ọlọ́run ṣe mọ Ádámù, kò sì tíì dórí eyín tí fóònù fi sọ pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ó kọ òmíràn, ó ní fóònù ló ṣèèṣì. Ó kọ ẹ̀kẹta, ó ní iṣẹ́ Sàtánì ni. Ó fi ìyẹn han Taslimah.

"Ọ́ńkù, Sàtánì ò ní nọ́ńbà Mama Theodora. Ẹ̀yin lẹ ní i."

Ignatius pa á rẹ́.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, Alhaja Hàwáwù padà sí Jankara. Ó pàtẹ. Àwọn èèyàn ń wò ó lábẹ́ ojú, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Alhaja dìde, ó ti ọwọ́ bọ ẹnu, ó yọ eyín òkè, ó gbé e sókè lójú gbogbo ayé.

"Ẹ wò ó dáadáa! Mo purọ́ fún yín, kẹ́ ẹ fọ̀rọ̀ jì mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ṣúgà ni mò ń lá, mi ò fẹ́ rí pákò ìyá mi sójú. Ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ nìyí! Ẹni tí kò bá fẹ́ kí Ignatius máa ki ọwọ́ bọ òun lẹ́nu, kó tètè ra pákò!"

Eyín ò sí lẹ́nu rẹ̀, wọn ò gbọ́ ìdajì ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ra pákò.

Nígbà tó ń ti ọjà bọ̀, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù Olówógbowó. Ignatius ti gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Alhaja, mo gbọ́ pé ọjà tà! Ṣé ẹ rí i pé oore ni..."

"Pa ẹnu dé. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yọ ọ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ yọ ọ́ fún mi lọ́jà, o ò bi mí. Ṣé ọ̀kan náà ni? Jíbrílù aránṣọ tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, tó ń fi ọ̀rọ̀ eyín rẹ̀ pamọ́ fáwọn ọmọ rẹ̀, ṣé òun náà ní pákò tó máa tà?" Ó dá ìborùn sí èjìká. "Bàbá rẹ kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi, ó máa ń gbówó lérí ọjà. Ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa ní gbogbo ọdún tí àṣírí eyín àkọ́kọ́ tó ṣe fún mi fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbo ni ìwé ẹ̀bẹ̀ tí Taslimah ní kí o kọ sí mi wà?"

Ó lọ. Ignatius ti kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fa irin kan jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò, ẹ̀yin aránṣọ tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n ìdí àwọn èèyàn, ẹ̀yin oníkẹ́místì tẹ́ ẹ mọ oògùn tí wọ́n ń rà, ẹ̀yin ayàwòrán, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Orúkọ àti nọ́ńbà tí oníbàárà fún yín, ohun ìpamọ́ ló fi síkàáwọ́ yín, kò tà á fún yín. Ohun tó torí ẹ̀ fún yín ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fi í sínú ẹgbẹ́, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé àwòrán rẹ̀ jáde, bó bá sì ní òun ò fẹ́, tàbí pé òun ò fẹ́ mọ́, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má kó ohun tẹ́ ẹ ò nílò jọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwọlé, ìyẹn páásíwọ́ọ̀dù, ti fóònù yín. Bí àṣírí bá sì tú, ẹ má sá wọ abẹ́ tábìlì: ẹ sọ fún ẹni tó kàn, ẹ sọ fún àjọ tó ń rí sí i, kíá. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi wọ́n pé, "Kí lẹ fẹ́ fi nọ́ńbà mi ṣe?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, káfíńtà bá a kan ilẹ̀kùn pákó mọ́ yàrá inú, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹnu èèyàn. Ignatius fi epo nu ìpẹtà kúrò lára irin, ó tì í wọnú ihò rẹ̀. Kàràkà, gbàm! Àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lóde dákẹ́.

Ó jókòó, ó gbé fóònù, ó sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Alhaja ló kọ́kọ́ lọ:

"Alhaja Hàwáwù, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Èmi Ignatius ni. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, mo fi nọ́ńbà yín sáàárín àwọn èèyàn láìbi yín, mo sì jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ẹ wá ṣe lọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe fóònù. Mo ti tú ẹgbẹ́ náà ká, mo sì ti sọ fún àjọ tó ń rí sí i. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n pa nọ́ńbà yín àti àwòrán yín rẹ́, ẹ sọ, n ó ṣe é. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ mi sùn, ẹ̀tọ́ yín ni. Mi ò tún ní fi ohun tó jẹ́ tiyín ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti dá ìdábùú bàbá mi padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn."