Òkúta Tí Kuramochi Fi Ẹsẹ̀ Ta

Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi fi ẹsẹ̀ ta òkúta náà kúrò lójú ọ̀nà ọgbà tẹ́ńpìlì. Ó yí gba orí òkúta mìíràn kọjá, síbẹ̀ n kò gbọ́ ìró kankan.

Ẹni tí a bí nílùú wa mọ ohun tí òkúta tí a fi okùn dúdú dì bí ẹrù ń wí: má kọjá ibí. Ṣùgbọ́n Kuramochi ni olórí ìrìn àjò àdúgbò wa. Láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a lọ láàárọ̀ ló ti ń dà wá kiri bí adìẹ, gbogbo rẹ̀ nítorí fọ́tò!

"Tomiko, lọ dúró lábẹ́ igi eléwé pupa yẹn," ló wí fún àbúrò mi.

"Ọ̀gá, ẹ ò rí òkúta ni?" mo ní. "Èèwọ̀ ni."

"Ìyá àgbà Kinue! Òkúta ló wá ń bà yín lẹ́rù báyìí?" ló fi dá mi lóhùn.

Àwọn tó kù fi mí rẹ́rìn-ín. Tomiko kì í lè kọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ló bá wọ inú ọgbà náà.

Ó pẹ́ kó tó jáde. Mo wo àyà kìmónò rẹ̀, aṣọ ìbílẹ̀ wa tí a ń pa etí rẹ̀ méjèèjì lé ara wọn níwájú. Èmi ni mo bá a wọ̀ ọ́ láàárọ̀: etí òsì bo ti ọ̀tún, bí gbogbo alààyè ti ń wọ̀ ọ́. Ní báyìí, etí ọ̀tún ló wà lókè. Òkú nìkan ni a ń wọ̀ ọ́ fún bẹ́ẹ̀.

"Ta ló tú aṣọ rẹ?" mo rọra bi í.

"Kò sẹ́ni tó tú u." Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi kànga.

Inú bí mi gan-an. Mo fa Kuramochi lápá. "Ẹ wá wo ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín fà!"

Bẹ́ẹ̀ ni ohùn kan sunkún láti inú ọgbà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró dè mí. Mi ò rọ́nà mọ́."

Kuramochi gbọ́ ọ. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Aláìnítìjú yìí yẹra fún ojú mi, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Iye wa ti pé," ó ní. "Ẹ wọ bọ́ọ̀sì."

Mo kọ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ọgbà, mo ń pe àbúrò mi. Bọ́ọ̀sì gbéra. Ẹni tó wọ aṣọ Tomiko jókòó sínú rẹ̀, ó ń lọ sílé lọ bá ọkọ àti àwọn ọmọ àbúrò mi.