Etí Tí Kassimou Rà fún Ìyá Rẹ̀

Ohun tí a fẹ́ kọ yìí ṣẹlẹ̀. A kò lá a lálàá, ọ̀mùtí kan kò sì sọ ọ́ fún wa lójú ọ̀nà. Ilé náà wà ní Tchaourou, lẹ́yìn ojú irin, níbi tí àwọn igi kajú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbàgbọ́, kí ó wọ ọkọ̀ Parakou, kí ó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí ó béèrè ilé Akọ̀wé. Ọmọdé pàápàá yóò júwe rẹ̀. Wọn kò kàn ní í bá a dé ẹnu ọ̀nà ni.

Kassimou ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ta tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò ọkọ̀ ojú irin, títí ọkọ̀ fi dákẹ́, tí koríko sì bo irin mọ́lẹ̀. Ó gbọ́ Faransé. Ó ní awò ojú méjì, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún ènìyàn. Èyí tó fi ń wo ènìyàn kò fi ọlọ́gbọ́n kankan hàn án rí.

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dé orí fóònù gbogbo ayé, tí àwọn àgbẹ̀ Alafiarou pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan lọ́wọ́ àwòrán, inú Kassimou dùn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ìtìjú wọn wá bá a. Ẹnìkan ra bàtà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló dé. Ẹnìkan ra léèsì, aṣọ ìnulẹ̀ ló bá nínú àpò. Souradjou, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀, sanwó alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún àwọn tí kò rí lójú rí. Ó gbálẹ̀ ibi tí yóò gbé e sí. Oṣù méjì ni ó fi ń gbá ibẹ̀.

"Souradjou," Kassimou wí níwájú mọ́ṣáláṣí, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, "ṣé alùpùpù rẹ ti jẹun lónìí?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnu Souradjou náà rẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, ẹ kọ́ wa. Ẹ má fi wá ṣẹ̀sín."

"Kí ni mo fẹ́ kọ́ òkúta? Ẹ wo àdírẹ́sì ìkànnì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Olè a máa fi lẹ́tà kan kún orúkọ ilé ìtajà gidi. Ẹ pe nọ́ńbà wọn. Ẹ béèrè àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Bí ó bá pọ́ọ́kú jù, ẹ sá. Kí ẹ má sì sanwó kí ẹrù tó dé ọwọ́ yín. Ewúrẹ́ lásán, bí ẹ bá na ewé sí i, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀."

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Kò sì sí èyí tí kò tẹ̀ lé nígbà tó kan òun náà.

Ẹnìkan ṣoṣo ni Kassimou kì í tẹ́ńbẹ́lú: Rafiatou, ìyá rẹ̀. Ogójì ọdún ni obìnrin náà fi ta wàràǹkàṣì, wàrà dídì, lẹ́bàá ojú irin. Etí rẹ̀ ń di, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò dín lẹ́nu rẹ̀. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa bá àwọn adìyẹ wí, tí yóò máa kí ẹni tó ń kọjá, tí yóò máa pe oríkì àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò kàn gbọ́ èsì mọ́ ni. Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, etí méjèèjì di pátápátá. Kassimou a jókòó tì í, a pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ; ìyá rẹ̀ a sì máa rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò.

Ó fẹ́ kí ìyá òun tún gbọ́ ohùn òun. Kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń fi sí etí. Ti ilé ìwòsàn ju agbára rẹ̀ lọ. Báyìí ni ó ṣe rí ìkànnì kan lórí fóònù rẹ̀. A kò ní í fi orúkọ rẹ̀ ba ìwé yìí jẹ́.

Ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Lẹ́tà àdírẹ́sì pé. Owó rẹ̀ kò wọ́n jù, kò sì pọ́ọ́kú jù. Ó pe nọ́ńbà wọn; wọ́n dárúkọ àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Kútọnu. Wọ́n ní kí ó má sanwó àfi tí ẹrù bá dé.

"Báyìí ni wọ́n ṣe ń ra ọjà," ó wí fún gbogbo òmùgọ̀ Tchaourou, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló wà ní ìjókòó.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Orúkọ ẹni tó ni etí. Ọjọ́ orí rẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀.

Mounifatou, ìyàwó Kassimou, gbé omi wá fún un, ó sì yọjú wo fóònù náà.

"Bàbá Farid, kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ ìyá Màmá ṣe?"

"Ìwé ni. Ìwé wo ni kì í béèrè rẹ̀? Ìwé ìbí ń béèrè rẹ̀. Káàdì ìdìbò ń béèrè rẹ̀."

"Ìjọba nìyẹn. Ọjà ni àwọn wọ̀nyí ń tà. Ẹni tó ń ta iṣu fún mi kì í bi mí ní orúkọ ìyá mi."

"Ìdí nìyẹn tí iṣu rẹ fi máa ń jẹrà."

Ní àgbègbè yẹn, ẹni tó fẹ́ gbàdúrà fún ọ, orúkọ ìyá rẹ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó fẹ́ ṣe ọ́ ní ibi, òun náà ni yóò béèrè. Àwọn obìnrin ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í dárúkọ ìyá wọn fún ẹni tí wọn kò rí. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni Kassimou. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó fi kọ nǹkan sí àlàfo inú ìwé. Ó rí àlàfo, ó kọ ọ́ síbẹ̀: Tawakalitou.

Kò tíì gbé fóònù náà sílẹ̀ tó fi dún. Kò sí ìkíni. Ohùn kan, tí kò le, tí kò rọ̀, ń sọ Nàgó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Tchaourou. Bẹ́ẹ̀ Faransé ni Kassimou fi kọ gbogbo rẹ̀.

"Rafiatou, ọmọ Tawakalitou. Ṣé òun ni?"

"Òun ni."

"Rafiatou, ọmọ Tawakalitou. Ṣé òun ni?"

"Mo ní òun ni."

Ohùn náà béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Kassimou pòṣé, ó sì dáhùn lẹ́ẹ̀kẹta.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin sẹ́míjàn kan gbé páálí kékeré dé lórí alùpùpù rẹ̀. Kassimou sanwó. Páálí náà fúyẹ́. Ike kan wà nínú rẹ̀, ó tó èkùrọ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí awọ ènìyàn. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń tàn án. Kò sí ojú ibi tí bátìrì ń wọ̀. Kassimou wọ yàrá, ó fi ọ̀bẹ là á. Òfìfo ni. Ó dà bí èèpo ẹ̀pà tí eku ti jẹ inú rẹ̀.

Ó pe nọ́ńbà náà. Kò lọ. Ó wá ìkànnì náà. Kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìtìjú mú un ju ìbínú lọ. Ó rántí Souradjou. Ó rántí iwájú mọ́ṣáláṣí. Ó pa ike náà dé, ó fẹ́ lọ sọ ọ́ nù níbi tí ojú kankan kò ní í rí i. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tí wọ́n rán aṣọ ọdún fún. Kí ni ọkùnrin náà yóò sọ? Adití kì í gbọ́ àwáwí. Ó fi lé e lọ́wọ́.

Rafiatou fi ike náà sí etí òsì. Ó dákẹ́. Adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò omi gbé orí sókè.

"Ìyá," Kassimou pè é jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn.

Kò mira. Kassimou pàtẹ́wọ́. Kò mira. Mounifatou ju abọ́ irin sílẹ̀; adìyẹ fò, Rafiatou kò mira. Ike lásán ni.

Lẹ́yìn náà ni ó rọra yí orí sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Ta ni ń pè mí?"

"Kò sẹ́ni tó pè yín!" Kassimou pariwo. Kò gbọ́ ọ.

"Obìnrin ni. Ó ní Rafiatou, ọmọ Tawakalitou. Ta ló kù láyé tó mọ ìyá mi?"

Kò sí ẹni tó tíì sọ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù fún un.

Àgbà ni Rafiatou. Ó mọ ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ kí ó tó lè dá rìn dé odò: bí o bá gbọ́ ìpè tí o kò rí ẹni tó pè, má ṣe jẹ́ ẹ. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn bá jẹ́ ẹ? Wọn kì í sọ ìyẹn fún ọmọdé. Bóyá àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà pa ẹnu dé.

Wọ́n yọ ike náà. Kassimou jù ú sí ṣáláńgá, ó gbọ́ bí ó ti kan ìsàlẹ̀. Nígbà tó padà dé, ìyá rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ìpè náà. Ó kí ìrun Àìlà, ó ń gbọ́. Ó kí ìrun Alásárì, ó ń gbọ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò bá adìyẹ wí. Kò pe oríkì ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá la ẹnu, èsì yóò yọ́ jáde.

Ní ọjọ́ kẹrin, sùúrù Kassimou tán. Ọ̀sán gangan ni. Ọyẹ́ ń fẹ́. Odó kan ń dún lọ́nà jíjìn; òun náà dákẹ́. Rafiatou jókòó lórí àpótí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ti sún mọ́ tòsí," ó wí láàárín ìka. "Ó ń bẹ̀ mí."

Ìtìjú tí Kassimou ti gbé mì láti ọjọ́ mẹ́rin gòkè wá sí i lọ́fun. Òmùgọ̀ ni gbogbo wọn, títí kan ìyá òun. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú obìnrin náà, kí ó lè rí ẹnu òun. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ jẹ́ ẹ! Ẹ dá a lóhùn, kí ẹ rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀!"

"Bàbá Farid, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Mounifatou ti ń sáré bọ̀ láti ìdí ààrò.

Rafiatou wo ẹnu ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ìwọ ló ní kí n jẹ́?"

Kassimou mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yí ojú sí ẹ̀yìnkùlé.

"Éèè," ni ó wí.

Kò sí ohun tó wó. Kò sí ohun tó kọjá. Odó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́nà jíjìn. Rafiatou rẹ́rìn-ín, ara tù ú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ètè ń mì, ahọ́n ń yí, ọwọ́ ń ṣàpèjúwe. Ohùn kò sí níbẹ̀.

Dókítà ní Parakou tan iná sí i lọ́fun. Ó ní ọ̀fun náà mọ́ bíi ti ọmọge. Àwọn àlùfáà ka ohun tí wọ́n lè kà. Rafiatou ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ láìsí ìró, kò sì jọ ẹni tó mọ̀ pé ohùn òun ti lọ.

Lẹ́yìn oṣù kan, Souradjou wọlé dé, fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán.

"Akọ̀wé, ẹ óò yìn mí lónìí! Ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga ni mo fẹ́ rà. Mo wo àdírẹ́sì, ó pé. Wọ́n ní kí n má sanwó kí ó tó dé. Mo sì ti pè wọ́n, bí ẹ ti kọ́ wa. Ẹ gbọ́ ìyá tó ń dáhùn. Ọmọ ilé wa ni!"

Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta.

"Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ kú ọyẹ́. Ará ilé ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ rà?"

Kassimou gbé ojú kúrò lára fóònù. Ní òdìkejì ọgbà, ìyá rẹ̀ jókòó, ó ń wo afẹ́fẹ́, ẹnu rẹ̀ ń mì.

"Kí lẹ fẹ́ rà, ọmọ mi?" ni fóònù wí.

Ètè Rafiatou pàdé, ó sì là, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà gan-an.

"Ẹ gbọ́ ọ?" Souradjou ní. "Ẹni tó ń kíni báyìí kò lè jáni jẹ."

Kassimou já fóònù náà gbà.

"Ìyá. Èmi ni. Kassimou ni."

Ètè náà dúró.

"Ẹ má bínú, ọmọ mi. N kò gbọ́ yín dáadáa. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Ìyá!"

"Bí ẹ kò bá rà, mo fẹ́ gbé e sílẹ̀ o. Àwọn mìíràn ń dúró."

Souradjou ń wo Akọ̀wé. Gbogbo ọgbọ́n tí Kassimou ti tú sí wọn lórí ṣì wà lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

"Àtùpà," Kassimou wí. "Mo fẹ́ ra àtùpà kan."

"Ẹ ṣé o! Ńlá ni àbí kékeré?" Ohùn náà yọ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ètè obìnrin náà ń bá a lọ.

Souradjou kò ra ẹ̀rọ omi rẹ̀. Ó gba fóònù rẹ̀ padà, ó ròyìn ohun tó rí, Tchaourou sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn òmùgọ̀ ti gbọ́n. Oníbàárà kan ṣoṣo ló kù fún ìkànnì náà ní gbogbo àgbègbè yẹn, láti ibẹ̀ dé Tchatchou. Páálí rẹ̀ ń dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mounifatou ń tò wọ́n sí yàrá tí kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Wọn kì í ṣí wọn. Bí wọ́n bá ti gbé wọn, wọ́n ti mọ̀ pé òfìfo ni.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn Àìlà, Kassimou a gbé ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ti ìyá rẹ̀. A fi fóònù sí etí, a tẹjú mọ́ ẹnu obìnrin náà.

"Ṣé ó tán, ọmọ mi?" ni ohùn náà ń béèrè.

"Kò tíì tán," Kassimou ń wí. "Kí ni ẹ tún ní?"