Ìdajì Kápúsù Tí Milunka Ń Dà Nù

Ilé Milunka ń rùn fún ọtí líle rákíjà àti kábéèjì tó rẹ sínú omi iyọ̀ kó lè kan nínú àgbá. Ó ti rẹ ìbọ̀sẹ̀ sínú ọtí náà, ó fi wọ Tijana ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kí ibà lè lọ, ó sì ti gbogbo fèrèsé pa kí atẹ́gùn má baà fẹ́ lu aláboyún. Síbẹ̀, ara Tijana ṣì ń gbóná janjan. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀, ọ̀fìnkìn líle tí wọ́n ń pè ní flu sì ti dá a dùbúlẹ̀ láti ìjẹta.

Nọ́ọ̀sì Zagorka, tó máa ń bẹ àwọn aláboyún wò láti ojúlé dé ojúlé, fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ojú nọ́ọ̀sì yí padà.

"Tijana, ṣé ò ń lo oògùn tí dókítà kọ fún ọ lánàá?"

"Mò ń lò ó, láàárọ̀ àti lálẹ́. Màmá ló ń bá mi pò ó mọ́ tíì."

"Pò ó mọ́ tíì kẹ̀? Kí ló dé tí o ò kàn gbé e mì?"

Milunka rò ó nínú ara rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n Tijana húkọ́, ó di ikùn mú, àánú rẹ̀ sì ṣe ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an.

"Ìdajì ni mò ń fún un," ó ní. "Mò ń tú kápúsù, mo sì ń da ìdajì nù."

"Ìdajì! Màmá, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ọmọ inú rẹ ni mo rò, ìyàwó mi. Nígbà tí mo lóyún ọkọ rẹ, ìyá mi ní ìdajì oògùn ni kí aláboyún máa lò."

Zagorka ò pariwo. Ó nawọ́ sí àgbá. "Màmá, bí ẹ bá bu omi kún inú àgbá yìí, ṣé ẹ máa wá dín iyọ̀ rẹ̀ kù ni?"

"Kí kábéèjì mi lè jẹrà? Ká má rí i!"

"Bí omi àgbá yẹn ni ẹ̀jẹ̀ aláboyún ṣe ń pọ̀ sí i. Kíndìnrín rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń tètè sẹ́ oògùn yìí jáde sínú ìtọ̀. Bó bá lo odindi gan-an, èyí tó ń kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tó ti ẹni tí kò lóyún. Ẹ wá tún lọ pín in sí méjì!"

"Ṣé ká fún un ní méjì-méjì nìyẹn?"

"Ó tì o! Iye tí dókítà kọ náà ni. Ẹ má bù ú kù, ẹ má sì fi kún un."

Zagorka pe dókítà lórí fóònù. Dókítà ní kí Tijana bẹ̀rẹ̀ odindi lójú ẹsẹ̀. Bí èémí rẹ̀ bá ṣòro, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Tijana gbé kápúsù mì.

"Màmá, ẹ wá jókòó tì mí," ó ní. "Àmọ́ ọwọ́ mi ni oògùn yìí máa wà o."

Milunka jókòó. Ojú tì í púpọ̀, ó sì di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú.

Ẹ̀yin ìyá àti ìyá ọkọ, bí ọ̀fìnkìn líle bá mú aláboyún, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló dára jù, ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́, ẹ ṣì lọ. Kí ó lo oògùn rẹ̀ pé, títí dé ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ohun tí ẹ bá bù kúrò nínú oògùn ìyá, ẹ ò fi ṣe ọmọ inú rẹ̀ lóore.