Ẹ̀gbà Ìtura Ìlú Agbami

Ẹ̀gbà ìtura kò já, kò fọ́, kò sì dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, àìsàn ń lọ láti ilé dé ilé ní ìlú Agbami.

Ìlú tó léfòó sórí òkun ni Agbami, ní ayé ìgbà tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń kọ́lé sórí omi bí àwọn baba wọn ti ń kọ́ ọ sórí ilẹ̀. Ìbídàpọ̀, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ló ṣe ẹ̀gbà náà, tí wọ́n ń wọ̀ sọ́rùn ọwọ́. Bí ara ẹni tó wọ̀ ọ́ bá gbóná, ẹ̀gbà á fa ooru náà jáde; bí ara bá ti tutù, á tan iná aláwọ̀ ewé, á sì ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò. Ẹ sì mọ̀ wá, a kì í gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ká jókòó sílé. Tọmọdé tàgbà á dìde lọ kí ẹni náà kú ewu, wọn á dì mọ́ ọn, wọn á sì bá a jẹun nínú abọ́ kan náà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbà rán, “Ara ti tutù, ewu ti kọjá,” ni Ìbídàpọ̀ gbé kọ́ ara ògiri iyàrá iṣẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan, Ìyá Àwẹ̀ró, wọkọ̀ ojú omi wá bá a níbẹ̀ láti Ẹtì-Òkun, ìlú kékeré tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán ẹ̀gbà náà wò. Ó wo iṣẹ́ tó wà lára ògiri náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ilé yòówù tí èèyàn bá ti lọ kíni kú ewu, ó ní, ọjọ́ mẹ́ta kì í kọjá kí ara àwọn olùkíni náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ìbídàpọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣàlàyé fún màmá pé ẹ̀rọ ti borí ooru ara ní Agbami.

“Ooru kọ́ ni àrùn, ọmọ mi,” ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. “Fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò tí ojú ò lè rí, ló wà nínú wọn. Ooru ni ara fi ń bá a jà, òun náà ló ń sọ fún wa pé ká dùbúlẹ̀. Ò ń fi ètè sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá. Ní kí wọ́n bọ́ ẹ̀gbà yẹn.”

“Ẹ má bínú, mà. Ṣé kí n máa wo àwọn èèyàn kí ara wọn máa jó wọn ni?”

Ìbídàpọ̀ kò gbà. Lọ́jọ́ kejì ni Àrìnọlá, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje, ṣubú nílé ìwé. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń tan iná ewé, ọmọ kò sì lè dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kí i kú ewu láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀rù ba Ìbídàpọ̀ gidigidi. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ẹ̀gbà náà, ó sì ránṣẹ́ pe Ìyá Àwẹ̀ró.

Ẹ bá rí obìnrin yìí lẹ́nu iṣẹ́! Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn olùkíni, ó ní ojú fèrèsé ni kí wọ́n ti máa kíni. Ó ń fún ọmọ lómi tó fi iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ sí, ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ń ka mímí rẹ̀, ó ń ṣọ́ bó ṣe ń tọ̀, ó sì ń bi í pé kí lorúkọ ìyá rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá iyè rẹ̀ ṣì pé. Ó kìlọ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ tàbí tí ọmọ bá ń sọ kántankàntan, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn. Nígbà tí ooru fẹ́ pọ̀ jù, ó fún un lóògùn tó dín in kù, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ewu ti kọjá. Gbogbo ìgbà tí Ìbídàpọ̀ bá nawọ́ sí ẹ̀gbà, màmá á rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ karùn-ún, òógùn bo ọmọ. Ó lajú, ó ní ebi ń pa òun. Ìbídàpọ̀ bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kò dìde títí ó fi pàṣẹ kí gbogbo ìlú bọ́ ẹ̀gbà wọn, kí aláìsàn sì jókòó sílé títí ara rẹ̀ yóò fi dá pátápátá. Lẹ́yìn náà ló bi màmá bó ṣe rí ohun tí gbogbo onímọ̀ kò rí.

Ìyá Àwẹ̀ró tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú ẹ̀gbà ọkùnrin kan jáde. Ó ní òun ì bá ti padà wá fi hàn án lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lórí àìsàn, a kì í di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé e lórí.

“Ti baálé mi ni,” ó wí. “Òun ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní Ẹtì-Òkun. Òwúrọ̀ ló kú. Ara rẹ̀ tutù, ẹ̀gbà rẹ sì tan iná ewé. Kí n tó pa á lójú dé, àwọn ará àdúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n ń kí mi kú ewu.”

Iṣẹ́ tí ẹ̀gbà rán lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, “Ara ti tutù, ewu ti kọjá,” ló wà lára ògiri Ìbídàpọ̀.