Pákó Tí Kò Sùn

Ojúọlá kúnlẹ̀ sí àárín pálọ̀ Màámé Abena, ó ń fi àkísà fa òróró sára ilẹ̀ onípákó, nígbà tí rédíò orí tábìlì sọ ọ̀rọ̀ tó da gbogbo ilé rú. Ìjọba ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá rẹ̀, Àlàmú, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń fi sáńpépà ha pákó lọ, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ń ha ṣáá, títí ọmọ rẹ̀ fi dì í lọ́wọ́ mú.

"Bàbá, ṣé àwa náà wà lára àlejò ni?"

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ìwọ..."

Cow Lane, ní Àkrá, ni wọ́n bí Ojúọlá sí, ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ìyá rẹ̀ tó máa ń ròyìn ibẹ̀ fún un ti kú, ìdánwò àṣejáde rẹ̀ sì ku oṣù mélòó kan. Twi rẹ̀ já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ; bàbá rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ tó bá fẹ́ ẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ní láti gba ògbufọ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó ṣẹ̀fẹ̀.

Ilẹ̀ onípákó ni iṣẹ́ Àlàmú. Bí ilẹ̀ ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò Adabraka bá ti gbó, òun ni wọ́n ń pè kó wá fá a, kó yọ èyí tí ikán ti jẹ, kó sì kùn ún títí yóò fi máa dán. Màámé Abena, opó àgbàlagbà tó ni ilé yìí, mọ iyì ọwọ́ rẹ̀.

"Alata, má ba ọkàn jẹ́," ni ìyá náà wí; Alata ni àwọn ará Gánà ń pe ọmọ Yorùbá. "Àbúrò mi ọkùnrin wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni ní ìwé. Kumasi ló wà báyìí. Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí gbèdéke pé ni yóò dé. Kó fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ rẹ, yóò bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Àlàmú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kùn.

Pálọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ku yàrá inú, tí pákó ìrókò tuntun wà nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí rédíò sọ̀rọ̀ ni Àlàmú tò wọ́n ní ìpele-ìpele, ó fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá. Òfin rẹ̀ ni pé pákó gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá tí yóò gbé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìṣó tó kàn án. "Ìyàwó tuntun ni pákó," ni ó máa ń wí. "Jẹ́ kó mọ ilé ná, kí o tó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́."

Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú kò ṣeé gbà láìsí pásípọ́ọ̀tù, Àlàmú kò sì ní in. Ta ló bi í léèrè rẹ̀ láti ogún ọdún? Ló bá lọ tò sí ọ́fíìsì àwọn ará Nàìjíríà, níbi tí èrò ti pọ̀ bí eéṣú, tí àwọn ènìyàn ń sùn lórí ìlà kí ẹlòmíràn má baà gba ipò wọn. Kó tó lọ, ó kìlọ̀ fún Ojúọlá: "Máa yí pákó padà láràárọ̀. Má kan ìṣó kankan títí ọjọ́ mẹ́sàn-án yóò fi pé."

Ọjọ́ kejì ni Tàíbátù, ọ̀rẹ́ Ojúọlá, wá dágbére. Ìyá Tàíbátù ti ta gbogbo ọṣẹ àti aṣọ ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Ojúọlá níbi tó ti ń yí pákó.

"Ẹ̀ẹ́! Gbogbo Cow Lane ń di ẹrù, ìwọ ń yí pákó bí ẹni ń yí ọmọ lórí ẹní?"

"Bàbá mi ní kò tíì sùn tó."

"Ẹ jọ máa sùn nígbà náà, títí ọlọ́pàá yóò fi wá jí yín. Ojúọlá, o mọ̀ ọ́n kàn. Kàn án! Jẹ́ kí àbúrò Màámé Abena yẹn dé bá ilẹ̀ tó ti parí. Ta ni yóò mọ̀?"

Tàíbátù lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ. Ojúọlá mọ̀ pé kò dára. Ẹ̀rù ló ń bà á: bí bàbá rẹ̀ kò bá tètè dé ńkọ́? Bí ọkùnrin náà bá dé, tó rí òkìtì pákó lásán? Ó gbé òòlù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi kàn án, tó fá a, tó fi òróró kùn ún. Nígbà tó parí, yàrá náà dán gbinrin, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀, nítorí ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí òun nìkan ṣe nìyẹn. Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí òróró lè gbẹ, ó ti ilẹ̀kùn pa, kò sì ṣí i mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni Àlàmú padà dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù wà lápò àyà rẹ̀. Ó gbóòórùn òróró.

"O ti kàn án? Ṣé pákó sùn?"

"Ó sùn, Bàbá. Àná ni mo kàn án. Òróró rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "O ṣeun, ọmọ mi. O ti gbà mí."

Kò lọ wo yàrá náà. Ọ̀rọ̀ náà dun Ojúọlá wọ inú eegun, ó sì lọ bu omi gbígbóná wá fún ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò Màámé Abena dé. Ó dúró ní pálọ̀, ó fi ẹsẹ̀ pa ilẹ̀ náà wò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn án. "Ta ló ṣe èyí? Ó dára o. Kó mú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wá bá mi láàárọ̀ Mọ́ńdè."

Ó ti parí nìyẹn. Wọ́n ti rí ìwé ìgbélùú gbà. Bí Ojúọlá bá panu mọ́, Àkrá di ilé wọn. Ṣùgbọ́n ayọ̀ gbé e, ìgbéraga sì tì í lẹ́yìn. "Sà, ẹ wá wo yàrá inú náà!" Ló bá ṣí ilẹ̀kùn.

Ọyẹ́ ti gba ojú fèrèsé ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Pákó tútù ti gbẹ lójijì, wọ́n sún kúrò lára ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àtàǹpàkò ń wọ àárín wọn; etí wọn ti ká sókè, ìṣó sì ti yọ orí. Bàtà ọkùnrin náà há sí àárín pákó méjì, díẹ̀ ló kù kó ṣubú.

"Ṣé èyí ni kí n lọ fi han ọ̀gá mi?" Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Má tún dárúkọ ọkùnrin yìí fún mi." Ó jáde.

Àlàmú wo ilẹ̀ náà. Ó wo Ojúọlá. "Ọwọ́ mi ló ṣe é, Màámé," ni ó wí. Ojúọlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ìṣó tó yọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Nígbà tí àwọn aládùúgbò ń wá ẹni tí yóò ra bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò wọn, Àlàmú ń tú ilẹ̀ náà, ó ń fá etí pákó kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tún un kàn. Kò gba kọ́bọ̀. Kò jẹ́ kí Ojúọlá fọwọ́ kan òòlù. Màámé Abena tọ àbúrò rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà pẹ̀lú omijé lójú.

Orí lọ́rì tó ń gbé wọn lọ sí ẹnubodè Tógò ni Ojúọlá ti jẹ́wọ́. Ó sunkún títí ó fi ń ṣe èsúkè.

"Mo mọ̀," ni Àlàmú wí. "Pákó tó bá sùn kì í ká etí bẹ́ẹ̀. Pákó kọ́ ló dùn mí, Ojúọlá. Mo bi ọ́ léèrè, o sì dá mi lóhùn."

Ojúọlá dàgbà, ó sì di olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ìkánjú lè ba iṣẹ́ jẹ́, a sì lè tún iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá rẹ̀ dárí jì í, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ dé ojú ikú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí Ojúọlá bá ní òun ti ti ilẹ̀kùn, tàbí pé òun ti pa iná, Àlàmú a dáhùn pé, "O ṣeun, ọmọ mi," a sì rọra dìde lọ wò ó fúnra rẹ̀.