Ta Ló Fa Bíréèkì Ọwọ́?

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìṣojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi ló sì di iná tọ́ọ̀ṣì mú. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á. N kò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Ilpo, àbúrò mi, ló ń pín lẹ́tà ní àwọn abúlé ẹ̀yìn odò. Àgbàlá kan náà la jọ ń gbé. Mọ́tò ara rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí yìnyín ti bo ilẹ̀, àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò lọ́dọọdún ní kó má gbé e sójú títì mọ́. Irin tó gbé táyà iwájú ró ti dípẹtà, ó kù díẹ̀ kó já. Mẹkáníìkì tó sún mọ́ wa jù ní òun ò ráyè kí ọdún tó yí. Bí Ilpo ò bá sì ní mọ́tò lọ́jọ́ Ajé, ẹlòmíì ni wọn yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún.

"Èmi fúnra mi ni màá tún un ṣe," ló wí.

"Kí lo fẹ́ fi tún un ṣe? Ṣíbí ìmukọ?"

"Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá bá mi ra irin iṣẹ́."

A yá mọ́tò aládùúgbò, ṣọ́ọ̀bù ìlú la kọ́kọ́ lọ. Sípánà wọn ń dán bíi dígí. Mo mú ọ̀kan, mo wo ẹnu rẹ̀. Irin rẹ̀ rọ̀. Bí irú rẹ̀ bá kan nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ẹnu rẹ̀ á yà, á sì bó nọ́ọ̀tì lórí. Mo gbé jáàkì wọn, ó fúyẹ́ bíi páálí.

"Eléyìí á gbé kẹ̀kẹ́ ọmọdé," ni mo sọ. A jáde.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ la rí pátákó kan lẹ́bàá ọ̀nà: irin iṣẹ́ wà fún títà. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ni ilé náà. Aune lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Urho, ti kú nígbà òtútù tó kọjá. Ó ṣílẹ̀kùn ilé tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

Gbogbo irin iṣẹ́ ló wà lára ògiri. Olóògbé ti fi ọ̀dà dúdú yí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan ká lórí pákó, kí ó lè mọ ààyè rẹ̀. Bí Ilpo ṣe ń yọ wọ́n, àwòrán wọn ń kù lára ògiri. Mọ́tò Urho wà láàárín ilé, wọ́n fi aṣọ bò ó.

Jáàkì ni mo fẹ́ dán wò. Jáàkì tó bá ń jo kì í wó lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń sọ̀. Mo fi gbé mọ́tò náà sókè díẹ̀, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó dé. A lọ mu kọfí nínú ilé, Màmá Aune gé wàràkàṣì sínú rẹ̀ fún wa, bí a ṣe máa ń mu ún níbi tiwa. Nígbà tí a padà, kò tíì sọ̀ rárá.

A mú jáàkì, a mú ẹsẹ̀ irin méjì tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò dúró, a mú sípánà. Ilpo ń kó wọn sí búùtù. Mo wo ilẹ̀ yíká.

"Màmá, wéèjì dà? Igi tí wọ́n fi ń há táyà?"

"Urho ò ní wéèjì, ọmọ mi. Ká ní ó ní, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá máa bá yín nájà."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Abẹ́ mọ́tò yẹn ló kú sí. Jáàkì ò ṣe nǹkan kan. Mọ́tò ló yí. Sọ fún àbúrò rẹ kó fa bíréèkì ọwọ́."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Níbi tiwa, kò sẹ́ni tó ń fa bíréèkì ọwọ́ nígbà òtútù. Bí o bá fà á mọ́jú, yìnyín á dì í pa, táyà ẹ̀yìn ò sì ní yí mọ́. Jíà la fi ń dá mọ́tò dúró. Ó ti mọ́ wa lára. Ṣùgbọ́n táyà iwájú nìkan ni jíà dì mú. Bí o bá ti gbé iwájú kúrò nílẹ̀, mọ́tò ti di ọmọlanke nìyẹn.

Mo sọ fún Ilpo kí a tó délé. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù òkú ń bà yín."

"Òkú kọ́. Ọ̀nà tó gbà kú ni."

"Ó dáa. Màá gé wéèjì nínú igi ìdáná."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta la bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, bó ṣe máa ń rí níbi tiwa nígbà òtútù. Ilẹ̀ símẹ́ńtì tí Ilpo ń gbé mọ́tò sí ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ síhà ilẹ̀kùn, kí omi yìnyín lè ṣàn jáde. Ó gbé iwájú mọ́tò sókè, ó ti ẹsẹ̀ irin bọ abẹ́ rẹ̀, ó tú táyà, ó sì wọlé sábẹ́.

"Wéèjì ńkọ́?"

"Ó wà ní jíà, ẹ̀gbọ́n."

"Ilpo, kí ni mo sọ fún ọ? Jẹ́ kí n lọ mú igi wá."

"Ẹ di iná yẹn mú ná! Nọ́ọ̀tì yìí ti fẹ́ gbà."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́. Ajá àdúgbò kò gbó. Ìgbà náà la gbọ́ ọ, nínú mọ́tò.

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò nínú mọ́tò! Ẹ ó mì í!"

"Ẹ̀bá ẹsẹ̀ rẹ ni mo wà."

Sípánà rẹ̀ dúró.

"Ta ló wá wà níbẹ̀?"

Mo dìde, mo tan iná sínú mọ́tò. Àga ṣófo. Dígí gbogbo mọ́, àfi ti ìhà awakọ̀. Ooru ẹnu ti bo ìyẹn láti inú. Bíréèkì ọwọ́ ti gòkè.

Ilpo jáde, ó wò ó. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé ń bọ̀," ló wí. Ó padà sábẹ́.

A kò fọwọ́ kan bíréèkì náà. Ó parí iṣẹ́, ó jáde pẹ̀lú irin jíjẹrà náà lọ́wọ́. Ó dúró, ó wo inú mọ́tò.

"Ẹ jẹ́ kí n mọ̀," ló wí. Ó na ọwọ́ wọlé, ó sọ bíréèkì kalẹ̀.

Mọ́tò kò kánjú. Ó kàn lọ. Ẹsẹ̀ irin méjèèjì ṣubú, iwájú mọ́tò sì fọ́ símẹ́ńtì níbi tí àyà àbúrò mi wà kó tó jáde. Ilpo jókòó sínú yìnyín níta, kò wọ ẹ̀wù òtútù, kò sì mọ̀.

A fi jáàkì gbé mọ́tò padà. Igi la fi há táyà lọ́tẹ̀ yìí. Ó pín lẹ́tà rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Nígbà tí Kérésìmesì kù díẹ̀, a gbé búrẹ́dì lọ kí Màmá Aune. Kò tíì gbà á lọ́wọ́ wa tó fi béèrè.

"Ṣé ó fà á?"

Ilpo wo ilẹ̀. Màmá Aune mi orí bí ẹni tó ti mọ̀.

"Láti ìgbà tó ti kú, gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń bá bíréèkì mọ́tò rẹ̀ lókè. Màá sọ ọ́ kalẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, á tún ti gòkè. Mo ní bí irin iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ, màá sinmi." Ó wo fèrèsé. "Ó ti dúró lóòótọ́. Ilé wá dákẹ́ jù, ọmọ mi."

Ilpo jáde lọ síbi búùtù. Gbogbo irin iṣẹ́ Urho ló kó padà, tó fi mọ́ jáàkì. Ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ sójú àwòrán rẹ̀.

"Kí lo máa wá fi gbé mọ́tò?" ni mo bi í lọ́nà.

"Ti ṣọ́ọ̀bù ìlú. Ọwọ́ tèmi náà ni n ó máa fi fa bíréèkì."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Màmá Aune ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Ó ti padà o, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀. Ó ti fà á. Ó ti padà sílé."

Fóònù ṣì wà létí mi nígbà tí Ilpo wọlé. Kò gbọn yìnyín kúrò lára fìlà rẹ̀. Kò ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ fa bíréèkì mọ́tò mi?"

"Èmi kọ́."

"Mo ti sọ ọ́ kalẹ̀ báyìí."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?" ni Màmá ń bi mí létí. "Ọmọ mi, ta ló wà níbẹ̀?"

Mo mú fóònù kúrò létí. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Láti ibi tí mọ́tò wà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èmi àti àbúrò mi gbọ́ ọ.

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.