Bàbà Inú Agogo Ìyá Àgbà

Ìbídùn jí ní òwúrọ̀ Sátidé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ìyànà Ìbà ni ilé wọn wà.

Ojú ìyá àgbà rẹ̀ kò ríran mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ omi, wọ́n á lu agogo idẹ wọn.
Gán-án! Gán-án!
"Èmi rèé, Mà!" Ìbídùn á sáré dé.

Ní òwúrọ̀ yìí, Ìbídùn ń fi agogo náà ṣeré. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Gbà!
Etí agogo já. Etí náà bọ́ sínú gọ́tà. Omi gbé e lọ.

Ìbídùn lu agogo náà wò.
Ká. Ká.
"Bí Ìyá àgbà bá pè mí, n kò ní gbọ́!"

Ó lọ bá wọn. "Ìyá àgbà, èmi ni mo fọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, Mà."
Ìyá àgbà fọwọ́ wá ibi tí ó já.
"O ṣeun tí o sọ òtítọ́. Gbé e lọ fún Àtàndá."

Bàbá Àtàndá ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Wọ́n ń yọ́ idẹ. Wọ́n ń fi idẹ ṣe agogo. Wọ́n tún ń fi í ṣe ẹnu ẹ̀rọ omi, nítorí idẹ kì í dípẹtà bí irin.

Ìbídùn gbé agogo náà dé ọ̀dọ̀ wọn. "Kí ni ó wà nínú idẹ, sà?"
"Bàbà àti tánńganran. Bàbà pupa, ó rọ̀. Tánńganran jẹ́ irin funfun, ó rọ̀. Bí a bá yọ́ wọn pọ̀, wọ́n á le. Ìwọ̀n bàbà mẹ́rin, ìwọ̀n tánńganran kan. Agogo á dún!"

Wọ́n wo inú àpótí wọn. "Tánńganran wà. Bàbà ló tán. Lọ mú bàbà wá. Bàbà pupa."

Kútúpà, kútúpà! Ìbídùn sáré lọ sílé.
"Màámi, Bàbá Àtàndá fẹ́ bàbà pupa!"
Ìyá rẹ̀ bu ọkà bàbà kún abọ́ fún un.

Bàbá Àtàndá wo abọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kèé! Kèé! Kèé!
"Ìbídùn, agogo ni a fẹ́ ṣe, àbí ògì?"
"Ṣé kì í ṣe bàbà nìyí, sà?"
"Bàbà ni. Bàbà tí a ń jẹ ni. Bàbà tèmi wà nínú wáyà iná."

Wáyà iná! Iṣẹ́ bàbá Ìbídùn ni láti fa wáyà iná sínú ilé.
Kútúpà, kútúpà!
"Bàámi, ẹ fún mi ní bàbà! Èyí tí a kì í jẹ!"
Bàbá rẹ̀ bó rọ́bà ara ògbólógbòó wáyà. Inú rẹ̀ pupa, ó ń dán.

Bàbá Àtàndá dáná. Fúù! Fúù!
"Dúró lọ́ọ̀ọ́kán, Ìbídùn."
Wọ́n yọ́ agogo tí ó já. Wọ́n fi bàbà sí i. Wọ́n fi tánńganran díẹ̀ sí i. Wọ́n dà á sínú amọ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ bí agogo.

Ní ìrọ̀lẹ́, agogo tuntun ti tutù.
Ìyá àgbà lù ú.
Gán-án-án-án!
"Èmi rèé, Mà! Ṣé omi ni?"
"Rárá. Mo fẹ́ kí o bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àtàndá."

Ìyá Ìbídùn ti rẹ ọkà bàbà sómi. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ògì jinná, Ìbídùn gbé ife kan lọ fún Bàbá Àtàndá.
"Ẹ ṣeun, sà. Bàbà yín nìyí."

Gán-án! Gán-án!
Ìbídùn gbọ́ ọ láti ibẹ̀.
"Mò ń bọ̀, Mà!"